Ẹlẹ́dẹ̀ Tó Ń Wá Ọ̀nà Ilé

Ewúrẹ́ jẹ, ó relé. Àgùntàn jẹ, ó relé. À-jẹ-ì-wálé ló ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pa òwe yìí mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lórí, kò sí ẹni tó fara balẹ̀ bi í bóyá ó tilẹ̀ mọ ọ̀nà ilé. Nínú yàrá kan tó jẹ́ yàrá ìkẹ́rù tẹ́lẹ̀, ní ẹ̀yìn ilé ìyá wọn, ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ti jókòó ti ìbéèrè yìí títí ó fi di géèmù. Ẹni tó bá mú páàdì lọ́wọ́ ni ẹlẹ́dẹ̀. Ó ti jẹun lọ jìnnà, ilẹ̀ ti ń ṣú, ó sì gbọ́dọ̀ délé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí idà. Ẹrẹ̀ ló wà, àti ààtàn, àti àwọn ọmọ aráyé tó ń fi ìgbálẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ gbogbo àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ya gbogbo ohun tí ojú ń rí. Ayàwòrán ni a óò máa pe àbúrò, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀, àdúgbò ti sọ ọ́ lórúkọ kí a tó dé: Alálàyé. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, ẹ ti pàdánù àárọ̀ yẹn. Ó ti ṣàlàyé òjò rí fún ẹni tí òjò ń pa lọ́wọ́. Káàdì pélébé tó ń pín fún ènìyàn, èyí tí wọ́n kọ “Olùdásílẹ̀, Olùdarí Àgbà àti Orísun Èrò” sí, ti jáde kí ẹlẹ́dẹ̀ inú géèmù tó ní ẹsẹ̀ tó pé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í níbo ló ti rí èrò náà, yóò sọ pé ibi tí òun ti ń wẹ̀ ló ti sọ sí òun lọ́kàn. Ìyá wọn, tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mọ̀ pé ìdí tábìlì oúnjẹ ni, àti pé àbúrò ló sọ ọ́, tí ó ń fi ṣíbí ro oúnjẹ rẹ̀: “Bóyá ẹlẹ́dẹ̀ ò kúkú mọ̀nà.” Ìyá náà kò tún un sọ. Ó ti mọ ọmọ rẹ̀ tipẹ́.

Géèmù ti dé ibi tó dára. Ìpele ìkẹyìn ló kù tí Ayàwòrán kò tíì yà. Kí ayé rí i ni ìṣòro. Lóòótọ́, ẹni tó bá ṣe géèmù lè gbé e lọ sí ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró. Ṣùgbọ́n géèmù tuntun ń rọ́ wọ ọjà náà lójoojúmọ́ bí eéṣú, ẹni tí kò bá sì ní ẹni tí yóò bá a pariwo, tirẹ̀ a dà bí omi tí a dà sódò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ agbéjáde fi wà. Wọn a gba géèmù lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, wọn a dán an wò, wọn a tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí èdè mìíràn, wọn a polówó rẹ̀ títí ará òkèèrè yóò fi gbọ́, wọn a sì pín nínú èrè. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: ìwé kúkúrú, fídíò kúkúrú, àti ẹ̀yà kékeré géèmù náà tí wọ́n ń pè ní àtọ́wò. Ọ̀rọ̀ náà “kúkúrú” ni Alálàyé kò rí kà.

Ìwé tó kọ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Nínú fídíò, òun fúnra rẹ̀ ló wọ kóòtù, tó jókòó síwájú pẹpẹ ìwé, tó ń sọ ohun tí ilé jẹ́ nínú ìgbésí ayé ọmọ ènìyàn. Ẹlẹ́dẹ̀ yọjú nígbẹ̀yìn bí àlejò tó ṣi ilẹ̀kùn ṣí, ó ní “hùn,” fídíò parí. Ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà nínú ìwé rẹ̀, ó sì jókòó kí wọ́n wá máa jà lé e lórí.

Wọn kò jà. Púpọ̀ nínú wọn kò fèsì rárá. Ọ̀kan ṣoṣo tó fèsì kọ̀wé pé: “A dúpẹ́. A wo fídíò yín. Ó ṣòro fún wa láti mọ̀ bóyá ẹlẹ́dẹ̀ la óò máa darí ni àbí ọkùnrin tó wọ kóòtù.”

Alálàyé gbé èsì yìí lọ bá Ògbógi. Ògbógi ni ayálégbé tó wà ní yàrá ẹnu géètì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń kó ènìyàn jọ láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé géèmù jáde. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì gbé ọ̀kan jáde rí. Ó ní ọwọ́ òun dí.

“Wọ́n rí kóòtù yẹn,” ni Ògbógi wí lẹ́yìn tó ka èsì náà. “Ìyẹn nìkan ti fi hàn pé ẹ wọ̀ wọ́n lójú. Ẹ fi táì kún un.”

Nígbà tí Ayàwòrán gbọ́ ọ̀rọ̀ táì, ó lọ gbé àpò rẹ̀, ó yọ ìwé kan jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ilé iṣẹ́ oníbisikíìtì kan ló fẹ́ kó wá máa ya àwòrán sára páálí wọn. Iṣẹ́ àárọ̀ dalẹ́ ni, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀ kí oṣù tó parí.

“Bùrọ̀dá, ẹ gbọ́ mi. Bí oṣù yìí bá parí tí kò sí ẹni tó gbà wá, màá lọ máa ya bisikíìtì.”

“O ṣì lè máa ya ẹlẹ́dẹ̀ bó o bá délé.”

“Ọwọ́ mi kan ṣoṣo náà ni. Bó bá ti ya bisikíìtì láti àárọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ tó máa yà lálẹ́, bisikíìtì náà ló máa jọ.”

Alálàyé la ẹnu. Ó pa á dé. Ó mọ̀, bí gbogbo ilé ṣe mọ̀, pé láìsí ọwọ́ yẹn, ẹlẹ́dẹ̀ kò ní délé láéláé.

Ayàwòrán fúnra rẹ̀ jókòó, ó gé fídíò tuntun. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ti ń yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ó dìde, ó gbọn ara, ẹrẹ̀ ta sójú ẹni tó ń wò ó. Ó jẹ aṣọ kan tí wọ́n sá. Ìgbálẹ̀ lé e. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ilẹ̀ ń ṣú. Ó tán. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó tán, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

“Ibo lẹnu mi wà nínú ẹ̀?”

“Ẹnu yín wà lójú yín, Bùrọ̀dá. Ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú fídíò.”

“Wọn ò ní mọ ìtumọ̀ ẹ̀.”

“Wọn ò tíì béèrè ìtumọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ẹni tó máa wò ó tán.”

“Báwo ni wọ́n ṣe wá fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é?”

Ìbéèrè tó wà nídìí gbogbo ìbéèrè yòókù nìyẹn, Ayàwòrán sì ti ń dúró dè é. “Mo kọ orúkọ àwa méjèèjì sí ìsàlẹ̀.”

“Èwo ló ṣáájú?”

“Tiyín.”

“Ó dáa,” ni Alálàyé wí. “Fi ránṣẹ́.”

Ilé iṣẹ́ tó fèsì lọ́tẹ̀ yìí ni èyí tí wọ́n fi sí ìkẹyìn nítorí pé wọ́n bẹ̀rù rẹ̀. Èsì náà kúrú débi pé Alálàyé yí i sókè-sódò, ó rò pé ìyókù kò tíì dé. Wọ́n ní kí wọ́n wá ní Ọjọ́bọ̀, ẹnì kan nínú wọn yóò gbá àtọ́wò náà lójú wọn. Wọ́n wá fi kún un pé: “Àṣà ilé wa kan wà. Ẹni tó ṣe géèmù kì í sọ̀rọ̀ títí ẹni tó ń gbá a yóò fi gbé páàdì sílẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn. Ẹ má bínú. A kì í di ẹni tó ṣe géèmù mọ́ géèmù tà fún oníbàárà.”

Ó kà á sókè fún ìyá àti àbúrò rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ṣé èmi ni wọ́n ń bá wí ni?”

“Gbogbo ayé ni wọ́n ń bá wí,” ni ìyá rẹ̀ dáhùn. “Ìwọ lo ṣáà dá wọn lóhùn.”

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá wọn. Ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ láti sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Tinú ilé ló ṣẹ́ kù. Òun ló dá a lábàá pé kí wọ́n fi òun dánra wò. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ gbá géèmù náà, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó bá mú páàdì, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ a na kọjá èjìká rẹ̀ bí ọwọ́ aláàánú, a bá a gbá a. Wọ́n gbé àga rẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà. Alálàyé jókòó lẹ́yìn.

“Mọ́mì, ẹ tẹ...”

“Ó ti sọ̀rọ̀,” ni Ayàwòrán wí.

“Mi ò tíì sọ nǹkan kan. Mo kàn ní ẹ tẹ.”

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ rìn díẹ̀. Alálàyé húkọ́.

“Ikọ́ yẹn ń sọ pé apá òsì,” ni ìyá wọn wí, láìwẹ̀yìn.

“Ikọ́ lásán ni, Mọ́mì.”

“Mo ti gbọ́ ikọ́ lásán rí.”

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́rọ́rọ́ wà. Ìyá gbé ọwọ́ kúrò lórí páàdì, ó sì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. “Mò ń rí ẹ nínú dígí rẹ̀. Àgbọ̀n lo fi ń júwe fún mi báyìí.”

Ó dìde, ó lọ bu omi sínú ife, ó gbé e fún un. “Nígbà tí mo ń kọ́ kíláàsì kejì, ọmọ kan wà tó dà bí ìwọ gẹ́lẹ́. Omi ni mo máa ń ní kó bù sẹ́nu. Má gbé e mì.”

“Kí ló padà ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà?”

“Ó di agbẹjọ́rò. Bu omi sẹ́nu.”

Ó bù ú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí géèmù náà ti dáyé, ènìyàn kan ń gbá a tí kò sí ohùn kankan lẹ́yìn rẹ̀ àyàfi ohùn fáànù. Ìyá wọn yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó jẹ aṣọ tí wọ́n sá, ó ní ojú aṣọ náà jọ ti ẹnì kan tí òun mọ̀. Ó wá dé ẹ̀gbẹ́ adágún omi kan, níbi tí ọ̀nà ti yà sí mẹ́ta. Ó gba ọ̀tún. Pápá ló bá níbẹ̀, kò sí ilé. Ó padà. Ó gba àárín, ààtàn ni. Ó padà. Ó tún gba ọ̀tún, bóyá ilé ti débẹ̀. Ilẹ̀ ṣú mọ́ ọn níbẹ̀.

Ó gbé páàdì sílẹ̀. “Ẹlẹ́dẹ̀ yín sùn síta lónìí.”

Alálàyé gbé omi mì. “Òsì ni, Mọ́mì. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé òsì ni.”

“Ta ló sọ fún wọn?”

Àwọn ọ̀rẹ́ tó ti gbá a, àwọn ọmọ àbúrò bàbá wọn tó ti gbá a, Ògbógi tó gbá a tó sì ní ó ku díẹ̀ káàtó, gbogbo wọn pátá ló ti dé ẹ̀gbẹ́ adágún yẹn tí ohùn kan sì sọ sí wọn létí pé “apá òsì, apá òsì.” Gbogbo wọn délé, gbogbo wọn ní géèmù náà dùn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó wá ilé rí fúnra rẹ̀. Afárá kan wà nínú géèmù náà tí Ayàwòrán kò yà tí kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ nípa rẹ̀: ẹnu Alálàyé ni.

Ó dun ọkùnrin náà. Kò ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ láìsí omi lẹ́nu, èyí tí ìyá rẹ̀ kò rí rí. Nígbà tó ṣe, ó ní òun ti rí àtúnṣe: pátákó ìtọ́nà kan ni kí ó jáde lẹ́bàá adágún, kí ó ṣàlàyé fún ènìyàn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti kọ ọ́ tán. Ó gbé e jáde fún wọn wò. Pátákó náà bo adágún, ó bo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìrù ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló yọ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n,” ni ìyá wọn wí, “ṣùgbọ́n eléyìí ti kún kọ̀ǹpútà.”

Ayàwòrán ti ń fi gègé ya nǹkan sórí ìwé láti àárọ̀. Ó yí ìwé náà sí wọn. Orí ẹlẹ́dẹ̀ ló yà. Etí kan wó lulẹ̀ bí ewé tó rọ, èkejì nà ró ṣánṣán.

“Ẹlẹ́dẹ̀ ò mọ̀wé,” ló wí, “ṣùgbọ́n ó létí. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa lu àwo oúnjẹ ẹ̀ nílé, gbì, gbì, bí ohùn tó ń ti òkèèrè bọ̀. Etí tó bá wà lápá ibi tí ilé wà, òun ló máa nà.”

Alálàyé wo àwòrán náà. Ó fẹ́ wí pé ènìyàn kò ní rí i. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ni, ariwo ẹnu rẹ̀ kò pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lára, ó sì ti ń rò ó nínú ọkàn rẹ̀ bí etí náà yóò ṣe máa yí bí ẹlẹ́dẹ̀ bá ṣe ń yí. Ó jókòó. Ó kọ ọ́ débi pé etí a máa nà kí ẹsẹ̀ tó gbé, bí ti ẹran gidi. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, etí a gbọ̀n díẹ̀, lẹ́yìn náà a nà. Iṣẹ́ náà mọ́. Ó yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kan ló kù. Ọjọ́rú ni wọ́n wà. Ìyá wọn ti mọ̀ báyìí pé apá òsì ni, Ògbógi mọ̀, gbogbo ẹbí mọ̀. Ẹni tó ti mọ ọ̀nà, a kì í fi í dán ọ̀nà wò. Ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wá ilé pẹ̀lú etí ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni ẹni tí wọ́n ń lọ bá lọ́la.

“Jẹ́ n fi pátákó kékeré kan sí i,” ni Alálàyé bẹ̀bẹ̀. “Nítorí bó bá ṣẹlẹ̀ pé...”

“Bùrọ̀dá.”

“Kékeré ni.”

“Bí pátákó yẹn bá wọlé, ẹ máa dá lọ síbẹ̀. Èmi á ti wà lọ́dọ̀ àwọn oníbisikíìtì.”

Ó yọ pátákó náà. Ó tọ́jú rẹ̀ sínú fódà mìíràn, nítorí kò rọrùn láti pa ọmọ ẹni.

Ilé iṣẹ́ náà wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn oní-dígí tí ènìyàn ń tì nígbà tó yẹ kó fà. Òdòdó oníke wà nínú ìkòkò, ẹnì kan sì ti bomi rin ín. Àwòrán àwọn géèmù tí wọ́n ti gbé jáde ló kún ara ògiri. Obìnrin tó gbà wọ́n lálejò tó àbúrò ìyá wọn lọ́jọ́ orí. Ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Aṣàyẹ̀wò ni iṣẹ́ rẹ̀: òun ló ń gbá géèmù kí ilé iṣẹ́ tó gbà á. Alálàyé fún un ní káàdì. Ó fara balẹ̀ kà á láti òkè délẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó ṣì kù, ó dúpẹ́, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ lé e kí tábìlì má bàa lábàwọ́n.

“Ẹ ka àṣà wa?”

“A kà á, mà,” ni Ayàwòrán wí.

“Ẹ̀yin méjèèjì?” Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wò.

“Mo kà á, mà. Mo tilẹ̀ ní àlàyé kékeré kan lórí...”

“Mi ò tíì mú páàdì. Ẹ ṣì lè sọ ọ́.”

Àlàyé náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ kò tíì ní ẹsẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kò wò ó. Ìka ọwọ́ tó fi ń yàwòrán ló ń wò.

“Kò sí, mà,” ni Alálàyé wí. “Ṣùgbọ́n bí mo bá lè rí omi.”

Omi wà ní kọ̀rọ̀, nínú ẹ̀rọ tó ń mú un tutù. Ó bù ú sínú ife oníbébà, ó gbé e sẹ́nu, ó padà wá jókòó. Ayàwòrán rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó yára gbójú kúrò kí ẹ̀rín má bàa pa á.

Aṣàyẹ̀wò bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, ó mú páàdì. Ó yọ̀ sínú ẹrẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó jẹ aṣọ tí wọ́n sá, kò sọ nǹkan kan. Ó dé ẹ̀gbẹ́ adágún. Ó gba ọ̀tún.

Ó padà. Ó gba àárín. Ó jẹ gbogbo ohun tó wà ní ààtàn láìkánjú, bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Ojú ọjọ́ inú géèmù ti pọ́n, alẹ́ ń bọ̀. Alálàyé ń wo etí ẹlẹ́dẹ̀ tó nà gbọnrangandan tí obìnrin náà kò sì rí i. Ojú rẹ̀ pọ́n. Omi tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti gbóná. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò ju kí ó gbé omi yẹn mì kí ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó ti sọ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́, kò sì gbé e kúrò.

Aṣàyẹ̀wò padà sí ẹ̀gbẹ́ adágún. Ó mú ọwọ́ kan kúrò lára páàdì. Ayàwòrán di ojú.

Tíì ló fẹ́ mu. Ó gbé ife sókè, ó mu díẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára ẹlẹ́dẹ̀ tó dúró jẹ́ẹ́, tí kò ní iṣẹ́ kankan. Gbì, gbì, ni àwo kan dún láti ọ̀nà jíjìn. Etí òsì gbọ̀n díẹ̀, ó nà.

Obìnrin náà gbé ife sílẹ̀. Ó yí ẹlẹ́dẹ̀ sẹ́yìn. Etí òsì wó, tọ̀tún nà. Ó tún yí i. Ó yí i yípo bí ẹni tó ń wo aṣọ lára ọmọ.

“Hẹ̀n-ẹn,” ló wí, fún ara rẹ̀. “O ti ń gbọ́ wọn látàárọ̀.”

Ó tẹ̀ lé etí. Ó gba òsì, ó kọjá lẹ́yìn ọgbà kan, ó sáré nígbà tó rí i pé ilẹ̀ ń ṣú, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé nígbà tó ku díẹ̀ kí ilẹ̀kùn tì. Ibi tí Alálàyé ti máa ń kígbe “wọlé, wọlé” fún gbogbo ènìyàn nìyẹn. Kò sí ẹni tó kígbe. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀ ilé náà tó funfun. Ó yí ẹlẹ́dẹ̀ padà, ó sáré lọ yí i nínú ẹrẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó sáré padà, ó gba àlàfo tó kù wọlé, ó sì rìn káàkiri ilẹ̀ funfun náà. Ipasẹ̀ ẹrẹ̀ tí Ayàwòrán ti yà fún ìta hàn níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Onílé gbé ìgbálẹ̀.

Èjìká Aṣàyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú géèmù náà. Àwọn tó ṣe é gan-an kò mọ̀ pé ó ṣe é ṣe. Ẹ̀rín gbé Alálàyé náà, kò sì rí ibi gbé e gbà. Omi gba imú rẹ̀ jáde, ó dà sórí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó dà sórí tábìlì.

Obìnrin náà wò ó. Ó wo omi. “Àṣà wa ò sọ nǹkan kan nípa imú,” ló wí, ó sì gbé páàdì sílẹ̀. “Ó yá. Ẹ lè sọ̀rọ̀ báyìí.”

Alálàyé fi ọwọ́ nu àgbọ̀n. Gbogbo àlàyé náà ṣì wà níbẹ̀, láti ìgbà èwe rẹ̀ títí dórí ohun tí ilé jẹ́ nínú ìgbésí ayé ọmọ ènìyàn. Ó wo ipasẹ̀ ẹrẹ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

“Etí yẹn, àbúrò mi ló rò ó,” ló wí. “Ẹlẹ́dẹ̀ náà pàápàá, òun ló kọ́kọ́ ní bóyá kò mọ̀nà. Ìdí tábìlì la wà.”

Ó dákẹ́. Ayàwòrán yíjú sí i bí ẹni tó gbọ́ tí ògiri sọ̀rọ̀.

“Ìpele ìkẹyìn ńkọ́?” ni Aṣàyẹ̀wò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ó kù kí n yà á, mà.”

“Ẹ máa ráyè?”

Kò tíì sí ìwé kankan lórí tábìlì, àyàfi káàdì tó wà lábẹ́ ife. Àwọn oníbisikíìtì ṣì ń retí rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Mo ráyè, mà.”

“Ó dáa. A fẹ́ ẹ. A máa fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fún ẹni tó mọ òfin kó bá yín kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ọjà la fẹ́ bá yín gbé ẹlẹ́dẹ̀ lọ, fún ọdún tí a bá jọ fi àdéhùn sí. Ẹ̀yin lẹ lẹlẹ́dẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìwé tó ní ó di ti ẹlòmíràn títí ayé, ẹ má fọwọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa la kọ ọ́.” Ó ń wá bàtà rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì. “Ẹ tún bá mi fi ẹrẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà yẹn. Kò pọ̀ tó.”

Ìwé náà dé. Ìyá wọn rántí agbẹjọ́rò kan tí òun kọ́ ní kíláàsì kejì. Ọkùnrin náà kà á, ó sì sọ̀rọ̀ lé e lórí títí ọbẹ̀ fi tutù, ṣùgbọ́n ó ní ó dára. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ayàwòrán pe àwọn oníbisikíìtì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ṣé kò wá sí ẹlòmíràn nílé wọn tó lè yàwòrán. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kò sí.

Ògbógi ti lẹ ìwé mọ́ géètì pé òun yóò sọ bí òun ṣe tọ́ àwọn ọ̀dọ́ méjì kan sọ́nà títí ayé fi gbà wọ́n. Ó so táì nínú àwòrán tó wà lára ìwé náà. Alálàyé dúró ka ìwé náà tán. Ènìyàn méjì ló ń kọjá lọ lẹ́yìn rẹ̀, tí ó lè ṣàlàyé òdodo ọ̀rọ̀ fún. Ó jẹ́ kí wọ́n kọjá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Ayàwòrán ya ìpele ìkẹyìn dé ìdajì, wọ́n gbé àga ìyá wọn síwájú kọ̀ǹpútà. Oríta tuntun wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀nà mẹ́rin, tí ìyá kò mọ̀kan nínú wọn. Ó mú páàdì. Ife kan ti ń gbé orí tábìlì Alálàyé láti Ọjọ́bọ̀ yẹn. Alálàyé gbé e, ó bu omi sẹ́nu, ó jókòó lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ìyá wọn dé oríta. Ó gba ọ̀nà tí kò yẹ. Ó wo inú dígí kọ̀ǹpútà, ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì tó wú, àti ojú ọmọ rẹ̀ lókè wọn, tí kò júwe ibì kankan.

“Má yọ mí lẹ́nu,” ló wí. “Mo létí.”